Bẹ́ ẹ ṣe máa jẹ taco ní food court l'Abẹ́òkúta kó tó tutù mọ́ yín lọ́wọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, látìgbà tí taco, ìyẹn pẹlẹbẹ àgbàdo tàbí fúláwà tí wọ́n ká ẹran àti ata sínú ẹ̀, ti ń yọjú sínú mẹ́nù àwọn tó ń ta ṣawámà àti bọ́gà, oríṣiríṣi ni mò ń gbọ́. Ẹnì kan ní ó gbẹ, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹlòmíì ní ṣe ló já, gbogbo ọbẹ̀ ẹ̀ dà sóun lára, ó ba bùbá àdìrẹ tóun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà n'Ítòkú jẹ́. Ẹlòmíì tún ní owó ẹ̀ ju oúnjẹ inú ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá wá bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe jẹ ẹ́, ẹ máa gbọ́ pé wọ́n rà á tán, wọ́n lọ wá ìjókòó, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gbé ìpè kan, wọ́n lọ fọwọ́, ìgbà yẹn ni wọ́n wá fẹnu kàn án. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àkàrà? Bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo ni taco rí, kì í dúró de èèyàn. Bí ìṣẹ́jú 10 ló ní. Lẹ́yìn ìyẹn, èyí tó yẹ kó le á rọ̀, èyí tó yẹ kó rọ̀ á já. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níbí, orí ìṣẹ́jú 10 yẹn ló dá lé, torí bí wọ́n ṣe ṣètò food court gan-an, ìyẹn ibi tí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ oríṣiríṣi wà pa pọ̀, ṣe ló máa ń fẹ́ gba ìṣẹ́jú yẹn mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ tò sórí láìnì, ẹ dúró de álẹ́ẹ̀tì, ẹ wá tẹ́búlù, ẹ tún wá ibi tí omi ìfọwọ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àkókò tẹ́ ẹ máa lọ. Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn, ẹ gbàgbé ẹ. Gbogbo ìdílé ló ń já síbẹ̀ taṣọtaṣọ, ọmọdé ń sáré káàkiri, wọ́n ń sunkún áísíkiriìmù, láìnì á gùn dé ẹnu ọ̀nà. Alẹ́ Fúráídè náà ò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má tún lọ lọ́jọ́ tí ibẹ̀ dá wáí o, bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè báyìí, nígbà tí àwọn tó ń tà á jókòó tí wọ́n ń tẹ fóònù, torí ẹran ọ̀sán ló máa ṣẹ́kù, ó sì ti jókòó pẹ́. Àjọ WHO tó ń rí sí ìlera lágbàáyé ní oúnjẹ tí wọ́n bá ti sè ò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 2 lọ, tí wọ́n bá sì fẹ́ tọ́jú ẹ̀ de kásítọ́mà, kó gbóná janjan, kó ju 60°C lọ. Ẹ ò kúkú ní gbé tẹmómítà lọ síbẹ̀, ojú lẹ máa fi wò ó, ẹran tí ò rú èéfín rárá tí ọ̀rá ẹ̀ ti dì funfun légbẹ̀ẹ́ abọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Èmi máa ń fẹ́ bí aago méjìlá ààbọ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, ṣáájú kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ya wọlé láti Òkè-Mosán. Irin ìdáná ti gbóná, ẹran ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lórí iná, láìnì ò sì tíì gùn.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má tíì ka mẹ́nù. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tortilla, ìyẹn pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ká gbogbo ẹ̀, orí irin gbígbẹ ló yẹ kó gbé e sí, kó wà níbẹ̀ fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ẹ máa rí i tó ń wú díẹ̀ láàrin, àmì dúdú kéékèèké á yọ lára ẹ̀, á fi orí ìka méjì yí i padà kíá torí ó gbóná, òórùn ẹ̀ á sì ta sí yín nímú níbi tẹ́ ẹ dúró sí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í gbé e sórí iná títí ẹ fi máa débẹ̀, àfìgbà tẹ́ ẹ bá ní kó ṣe tiyín. Tó bá jẹ́ máíkrówéèfù ni wọ́n jù ú sí, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó nìyẹn, á kọ́kọ́ rọ̀ múlọ́múlọ́, á wá le gbagidi kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́ dé ìdajì. Tí bẹ́ẹ̀ bá ni wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ yáa ra ṣawámà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bínú sí yín.

Ẹ tún bi wọ́n pé ṣé ti àgbàdo ni àbí ti fúláwà. Kì í ṣe àṣejù o, ìyàtọ̀ wà. Ní Mẹ́síkò tí taco ti wá, àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é jù, ti fúláwà pọ̀ ní apá àríwá wọn. Àgbàdo yẹn, wọn kì í kàn lọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ bá a ṣe ń lọ àgbàdo ògì. Wọ́n máa ń sè é nínú omi tí wọ́n po láìmù mọ́, mi ò sọ ọsàn wẹ́wẹ́ o, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń rí látinú òkúta tí wọ́n sun ni mò ń wí, wọ́n á wá fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, èèpo ẹ̀ á bó, ìgbà yẹn ni wọ́n tó lọ̀ ọ́. Láìmù yẹn ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun ẹ̀ dì mọ́ra wọn, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ bá po ìyẹ̀fun àgbàdo lásán nílé tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, ṣe ló máa fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ohun tó kàn yín níbẹ̀ ni pé ti àgbàdo máa ń dùn jù tó bá gbóná, àmọ́ tó bá ti tutù pẹ́nrẹ́n ó máa ń sán láàrin. Ti fúláwà ní sùúrù díẹ̀, ó máa ń gba ọbẹ̀ mọ́ra. Torí náà tó bá jẹ́ pé ẹ ti mọ̀ pé àwùjọ lẹ fẹ́ bá jókòó, tí ọ̀rọ̀ máa pọ̀, ẹ mú ti fúláwà. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan tébi ń pa, ẹ mú ti àgbàdo tí wọ́n bá ní in.

Ìkẹta wà, èyí tó le kankan tó tẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló sọ ìyẹn di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, pàápàá Taco Bell tí Glen Bell dá sílẹ̀ ní Downey ní California lọ́dún 1962. Kò burú, ọmọdé fẹ́ràn ariwo ẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti bu ọbẹ̀ sínú ẹ̀, kíá mọ́sá ni o, ìṣẹ́jú 10 tí mo wí yẹn ò kàn án rárá, ìdajì ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà fún un.

Ẹran ńkọ́? Ẹni tó bá ti ń jẹ ṣawámà ní Pánṣẹ́kẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ èyí tí wọ́n ń pè ní al pastor, torí ọmọ ìyá ni wọ́n. Àwọn ará Lẹ́bánónì tó ṣí lọ sí Mẹ́síkò ló gbé irin gbọọrọ tí wọ́n ń to ẹran sí lóòró, tó ń yí níwájú iná, dé ìlú Puebla, àwọn ará ibẹ̀ wá sọ ọ́ di tiwọn, wọ́n fi ata tiwọn kùn ún, wọ́n ń bu ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí i. Ibi tí mò ń lọ ni pé nígbà tó dé Mẹ́síkò, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe al pastor, ẹlẹ́dẹ̀ náà sì ni carnitas, ìyẹn ẹran tí wọ́n rọra sè nínú ọ̀rá. L'Abẹ́òkúta ńbí, adìẹ tàbí màlúù lẹ máa bá ní ọ̀pọ̀ ibi, ṣùgbọ́n ẹ̀yin Mùsùlùmí àtàwọn tí kì í jẹ ẹ́, ẹ má wo orúkọ tó wà lára mẹ́nù, ẹ bèèrè. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹran wo ló wà nínú eléyìí, ṣé irin kan náà lẹ fi ń sun gbogbo ẹ̀?" Ìbéèrè kejì yẹn ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹni tó ń tà á tí ò bá lè dáhùn, kó lọ bi ẹni tó wà ní kíṣìnì, ẹ dúró dè é, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ata wá ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ sí. Ọmọ Ẹ̀gbá tó ti ń jẹ láfún pẹ̀lú ọbẹ̀ ata láti kékeré, tó bá rí "hot" lára mẹ́nù, á ní kí lẹ lè fi ṣe mí. Tó bá jẹ́ jalapeño, ata àwọn ará Mẹ́síkò, tó wà nínú ìgò ni wọ́n ń lò, òótọ́ ló sọ. Wọ́n ní òdiwọ̀n kan tí wọ́n fi ń mọ bí ata ṣe ń ta tó, Scoville lorúkọ ẹ̀, jalapeño máa ń wà láàrin 2,500 sí 8,000, ata rodo tiwa lè gun 100,000 kó tún kọjá 300,000. Ẹ rí i pé eré ni jalapeño. Àmọ́ ìṣòro ibẹ̀ rèé, ata inú ìgò wọ́n, ata rodo wà ní Kútọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, torí náà ọ̀pọ̀ kíṣìnì á fi rodo ṣe salsa, ìyẹn ata tí wọ́n ń bu sórí taco, wọ́n á ṣì fi orúkọ tó wà nínú ìwé òyìnbó pè é. "Medium" wá di nǹkan míì! Kẹ́ ẹ má bàa sunkún níwájú àna yín, ẹ ní kí wọ́n bu ata sínú abọ́ kékeré lọ́tọ̀, ẹ fi etí tortilla tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó dà á sí i. Tó bá ti wá ta yín tán, omi ò ràn án o, ohun tó ń ta yẹn kì í yòrò nínú omi, inú ọ̀rá ló ń yòrò sí. Mílíìkì tàbí yọ́gọ́ọ̀tì tí ò ní ṣúgà púpọ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Kóòkì tútù á kàn tan ahọ́n jẹ fún ìṣẹ́jú kan ni.

Nǹkan méjì kékeré. Píà tí wọ́n gún tí wọ́n ń pè ní guacamole, ẹ bèèrè bóyá owó ẹ̀ wà nínú owó taco àbí ó dá wà, ibẹ̀ ni owó ti máa ń yọ́ wọ ara owó. Ewé tútù tó ń rùn tí wọ́n ń wọ́n sórí ẹ̀, cilantro, tó bá dà bí ọṣẹ lẹ́nu yín, kì í ṣe pé wọn ò fọ abọ́, bí Ọlọ́run ṣe dá ẹnu àwọn kan nìyẹn, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́.

Owó wá kù. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí, torí owó ló ń pa taco jù l'Abẹ́òkúta, kì í ṣe ẹni tó sè é. Bó ṣe máa ń lọ rèé: wọ́n á ti di ọ́dà yín tán, ẹ̀yin náà ti ṣe tíránsífà, ẹni tó wà ní káńtà á ní, "Mà, a ò tíì rí i o." "Ó ti lọ jàre, ẹ wò ó, sọ̀sẹ́sífù ló kọ." "Mà, ẹ ṣe sùúrù, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni." Ẹ̀yin dúró, ẹni tó wà lẹ́yìn yín ń pòṣé, lórí káńtà láàrin ẹ̀yin méjèèjì ni taco jókòó sí nínú bébà, òróró ti ń hàn lábẹ́ bébà ọ̀hún. Kí ló dé? Ẹ sanwó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Ẹ sọ fún wọn tààrà, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dì í, ẹ jẹ́ kówó wọlé ná." Inú àwọn gan-an máa dùn. Ẹ mú káṣì díẹ̀ dání pẹ̀lú, torí POS náà máa ń ya wèrè nígbà míì, pàápàá lópin oṣù.

Lórí iye owó fúnra ẹ̀, ẹ wo pátákó kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Òfin tó ń dáàbò bo kásítọ́mà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018 sọ pé ẹni tó ń tajà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí iye ọjà ẹ̀ hàn, kò sì gbọdọ̀ ní kẹ́ ẹ san ju iye tó kọ síbẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá ní "Àtijọ́ ni iye yẹn, a ò tíì yí i padà," kì í ṣe ẹjọ́ yín. VAT, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà, ni kẹ́ ẹ bèèrè, 7.5% ló ti wà láti February 2020, ibì kan á ti fi sínú iye ara pátákó, ibòmíì á fi kún un nísàlẹ̀ rìsíìtì. Ẹ mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó pàṣẹ fún ẹni mẹ́fà.

Tẹ́ ẹ bá pọ̀, ètò ẹ̀ rọrùn. Ẹnì kan jókòó ti tẹ́búlù, kó má dìde. Àwọn tó fẹ́ jẹ nǹkan míì lọ rà á ṣáájú, torí ìrẹsì máa dúró, àmàlà inú náílọ́ọ̀nù máa dúró. Taco ló máa kẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá mú Màmá dání tí wọ́n wo taco tí wọ́n ní "kí rèé, ṣé oúnjẹ ni àbí ìpápánu," ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ lọ ra ọ̀fadà wọn wá láti ṣọ́ọ̀bù kejì, kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lọ, ìyẹn ni ire food court, kálukú á jẹ tiẹ̀ lórí tẹ́búlù kan náà. Wọ́n á ṣì ní kẹ́ ẹ fún àwọn ní díẹ̀ tọ́ wò. Torí náà ẹ ra ẹyọ kan lé.

Ọwọ́ fífọ̀, ẹ fọ̀ ọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń retí kí wọ́n pè yín. Kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e fún yín.

Jíjẹ gan-an ò le. Kò nílò fọ́ọ̀kì. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka méjì mú un lókè, ẹ má fún un pọ̀ o. Ẹ gbé orí yín sí ẹ̀gbẹ́, taco ò gbọdọ̀ yí, orí yín ló máa yí. Ẹ tẹ síwájú díẹ̀ kí ohun tó bá máa já bọ́ sínú abọ́, kó má bọ́ sáya yín, èyí tí ò bá jẹ́ kí bùbá bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ata, ẹ má dà á sí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ máa kán an sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gé jẹ. Ibi tí wọ́n bá ti fi tortilla méjì kéékèèké lé ara wọn, bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe é ní Mẹ́síkò, kì í ṣe pé wọ́n ṣàánú yín, ti ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀ torí tó bá já lókè. Tí èyí òkè bá gbé e dé ìparí, ẹ kó gbogbo ẹran tó já sínú abọ́ sínú èkejì, ó ti di taco míì nìyẹn. Fọ́tò? Ẹ ya ẹyọ kan. Ẹyọ kan náà ni mo wí.

Tí nǹkan ò bá wá dáa ńkọ́? Ká ní ẹran tutù, tàbí tortilla ti gan, ẹ má jẹ ẹ́ tán kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ gé e lẹ́ẹ̀kan, tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e padà kíá pẹ̀lú rìsíìtì. Ẹni tó jẹ tiẹ̀ dé ìdí tó wá ń pariwo, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn. Ẹ má sì pariwo láti ọ̀ọ́kán, ẹ sún mọ́ káńtà, ojú lọ̀rọ̀ wà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan ẹran yìí, ó tutù. Mi ò fẹ́ owó padà, ẹ bá mi ṣe òmíì." Bí mo ṣe rí i, ẹni tó bá sọ ohun pàtó tó fẹ́ ló máa ń rí i gbà, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ ò mọ ẹni tí mo jẹ́" ló máa ń dúró pẹ́. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà yẹn, òun kọ́ ló sè é, ẹ jẹ́ kó pe ọ̀gá ẹ̀. Tí ọ̀gá náà bá wá fọwọ́ rọ́ yín sẹ́yìn lórí owó tí wọ́n gbà lé, àjọ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo kásítọ́mà, ló ń rí sírú ẹ̀, rìsíìtì yín sì ṣe pàtàkì níbẹ̀, ẹ má jù ú nù sínú abọ́ tó lépo.

Tó bá sì jẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ ti fẹ́ kọ ọ́, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ, aago tó lù, ohun tẹ́ ẹ rà. "Kò dáa rárá, ẹ má lọ" ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ kọ èyí tó dáa náà síbẹ̀.

Èyí tó kù ni take-away, ìyẹn èyí tẹ́ ẹ fẹ́ gbé lọ sílé, mo sì fẹ́ bẹ̀ yín. Taco tí wọ́n ti ká tán, tí wọ́n fi fóìlì wé, tí ọlọ́kadà wá gbé e láti Òkè-Ìlèwó dé Ọ̀bàntókò, kì í ṣe taco mọ́. Ooru ti inú fóìlì ti di omi sí i lára. Ẹ ní kí wọ́n di gbogbo ẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tortilla nínú bébà, ẹran nínú abọ́ tó ní ìdérí, ata lọ́tọ̀, àlùbọ́sà àti ewé lọ́tọ̀, wọ́n á ṣe é tẹ́ ẹ bá tètè sọ. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ gbé páànù ìdínǹkan sórí iná láìfi epo sí i, ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa, ẹ gbé tortilla kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ kẹ́ ẹ yí i padà, ẹ wá fi aṣọ mímọ́ bò wọ́n lórí ara wọn kí wọ́n má gbẹ. Ẹran náà, ẹ gbé e padà sórí iná títí á fi máa rú èéfín. Tí píà bá ti dúdú lókè, kò tíì bàjẹ́, afẹ́fẹ́ ló ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ fi ṣíbí ha ti òkè yẹn kúrò, ẹ bu ti ìsàlẹ̀.